Wọ́n ti pa ajá, ta la ó wá bi?

Ẹ̀yin èèyàn mi, inú ń bí mi. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti ń pa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra. Àmọ́ nígbà tí mo tún gbọ́ ọ láàárọ̀ yìí lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa pé irun ajá tó bu èèyàn jẹ ni oògùn rẹ̀, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Ẹ̀yìn Sábó níbí, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló ti ṣẹlẹ̀. Táíwò, ọmọ Ìyá Ìbejì, ń ti ilé kéú bọ̀ ni Tanímọ̀la, ajá bàbá onílé wa, fò mọ́ ọn, ó sì bù ú jẹ lójúgun. Ojú eyín mẹ́rin ni mo kà, méjì jìn. Kí n tó jáde, wọ́n ti fi sísọ́ọ̀sì gé irun ajá, wọ́n ti ń sun ún nínú ọmọrí agolo mílíìkì, ìgò epo pupa wà nílẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fi pò ó. Òórùn irun jíjó gba gbogbo àgbàlá.

Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kàn án. Wọ́n ní ṣé àwọn bàbá wa tí kò ní ọsibítù kò gbé ilé ayé ni? Mi ò dá wọn lóhùn. Mo gbé Táíwò jókòó sórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, mo mú ọṣẹ ìfọṣọ, Kẹ́hìndé ń da omi, mò ń fọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 15 gbáko, fóònù ni mo fi ń wò ó. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi bí ewé. Kẹ́ẹ̀gì omi 2 la lò tán, ẹnìkan sì ń kùn pé kànga ti ń gbẹ, mò ń fi omi ṣòfò. Inú itọ́ ajá ni dìgbòlugi, àrùn ajá wèrè tí òyìnbó ń pè ní rabies, ń gbé! Ọṣẹ àti omi ló ń fọ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dànù kó tó ráyè wọlé. Eérú irun àti epo á kàn dé e mọ́nú ọgbẹ́ ni.

Ìgbà tí a fi máa ti ọsibítù dé, wọ́n ti fi igi pa Tanímọ̀la. Àwọn kan ti wọ́ ọ lọ.

Ohun tó dùn mí jù nìyẹn, nítorí ìbéèrè tí dókítà kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ajá náà ńkọ́?" Ajá tí dìgbòlugi bá ti dé inú itọ́ rẹ̀ kì í pẹ́ kó tó kú. Tí wọ́n bá so ó síbi tí kò ti lè kan ẹnikẹ́ni, tó wà láàyè, tó ń jẹun, tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá títí di ọjọ́ 10, a jẹ́ pé kò sí àrùn náà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ọmọ jẹ. Ọmọ á ti bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀ o, wọn kì í dúró. Ṣùgbọ́n tí ajá bá yè, dókítà lè ní kí wọ́n fi èyí tó kù sílẹ̀. Ní báyìí, Táíwò gbọ́dọ̀ gba gbogbo rẹ̀ pé, owó ẹ̀kọ tí Ìyá Ìbejì ń tà ló sì ń bá a lọ.

Mo bi bàbá onílé bóyá ajá náà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára rí. Wọ́n ní ajá òyìnbó ni wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́. Ẹ dákun, dìgbòlugi kò mọ ajá ìbílẹ̀ yàtọ̀. Tí ọmọ ajá bá ti pé oṣù 3, ẹ mú un lọ bá dókítà ẹran, kó tún máa gbà á lọ́dọọdún. Ológbò náà ń kó o, kí àwa tó ń sin ológbò má rò pé kò kàn wá.

Ọgbẹ́ á jinná, ẹ ó rò pé ó ti parí, kò parí. Dìgbòlugi lè lo ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan nínú iṣan kó tó dé ọpọlọ. Ọjọ́ tí èèyàn bá ti ń sá fún omi, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é mọ́. Àwọn bàbá wa tí ẹ ń dárúkọ náà mọ̀ pé ó ń pani, àwọn ló sọ ọ́ ní dìgbòlugi.

Àmọ́ lálẹ́ àná, Ìyá Ìbejì rọra bi mí pé, "Àǹtí, tó bá jẹ́ ọmọ yín ló bù jẹ, ṣé ẹ ó lè máa wo ajá yẹn lókùn fún ọjọ́ mẹ́wàá nínú àgbàlá yìí?" Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo rántí bí ẹsẹ̀ ọmọ náà ṣe ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ò sì jáde lẹ́nu mi.

Mi ò tíì dá wọn lóhùn. Ọ̀la la ó jọ gbé Táíwò lọ gba abẹ́rẹ́ kejì.