“Ibi tó dé yẹn náà ló máa wà”: irọ́ tí à ń pa fún ara wa nípa gíláàsì iwájú ọkọ̀

Ẹni tó bá ti wakọ̀ lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Ìkòròdú rí, ó mọ ohùn yẹn. Ẹ ń lọ jẹ́jẹ́ yín, típà tó ru òkúta láìfi tapólì bò ó ń mì jìgìjìgì níwájú yín, ó bọ́ sí kòtò kan, àfi “kọ̀!” lójú gíláàsì. Ẹ ó ṣẹ́jú pìrì, àfi bíi pé ojú yín gan-an ni wọ́n ju òkò lù. Tí ọkàn bá wálẹ̀ tán lẹ ó tó rí i: àmì kékeré kan tí kò ju ojú ẹ̀wà lọ, tó ní ẹsẹ̀ tín-ín-rín méjì mẹ́ta bíi ti aláǹtakùn.

Lẹ́bàá Odógunyàn ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mi ní Ògólóǹtó. Ó fi àtàńpàkò ra ojú ibẹ̀, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ fi í sílẹ̀ o. Òkúta kékeré ni. Ibi tó dé yẹn náà ló máa wà.” Bàbá kan tó jókòó sórí táyà, tó ń dúró de ọkọ̀ tirẹ̀, bá a gbè é: “Tèmi ti lé lọ́dún kan, kò mira.” Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ta ni kì í fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé owó kò ní jáde?

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìgbà náà, mo lọ ra nǹkan ọbẹ̀ ní Sábó. Ọ̀sán gangan ni, nínú oṣù kejì, oòrùn ń ta bí ẹni fi ata sí i. Nígbà tí mo padà dé inú ọkọ̀, ìjókòó ń jó mi nídìí, mo bá tan éèsì dé òpin, mo yí i kó máa fẹ́ lu gíláàsì iwájú. N kò tíì kúrò níbi tí mo páàkì sí tí mo gbọ́ “tẹ́ẹ́”. Kò pariwo rárá. Ìlà kan jáde látinú ojú ẹ̀wà yẹn, mo sì ń wò ó báyìí bó ṣe ń rìn, ó gba apá ọ̀tún bọ̀, ó wá dúró sí ọ̀gangan ibi tí mo ti ń wo ojú ọ̀nà. Gígùn rẹ̀ tó ìgbọ̀nwọ́ kan.

Ibi tó dé yẹn kọ́ ló wà.

Kí ló dé tí kì í fi í wà níbẹ̀? Ẹ lọ wo àwọn tó ń gé gíláàsì fèrèsé. Wọn kì í fi ayùn rẹ́ ẹ. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kò ju bírò lọ, kẹ̀kẹ́ irin kékeré kan ló wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n á fi rúlà lélẹ̀, wọ́n á fa ìlà kan ṣoṣo tó jẹ́ pé ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, wọ́n á sún gíláàsì sétí tábìlì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Gbà! Ó ti yà sí méjì, bí ìlà ṣe lọ gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la ti rí i rí, a kàn ń kọjá lọ ni. Ìlà yẹn kò jìn ju bí èékánná ṣe ń ha nǹkan lọ, ṣùgbọ́n gbogbo agbára tí wọ́n bá fi tẹ gíláàsì náà, ẹnu ìlà ló ń forí jọ sí. Irin lè wọ́, igi ní iṣan tó lè dá a dúró, gíláàsì kò ní ọ̀kankan nínú méjèèjì. Tó bá ti lanu níbì kan, ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ọkọ̀ ń wọ́ lọ.

Wàhálà ọkọ̀ kò sì kéré ládùúgbò wa. Kòtò wà níbẹ̀, bọ́m̀pù tí wọn kò kun ní ọ̀dà wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn tí ọmọ pa gbàgà nígbà tí gbogbo fèrèsé wà ní títì náà wà níbẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò ríbi gbà á ti gíláàsì láti inú. Oòrùn ni mo kà sí baba wọn. Gíláàsì tó bá gbóná á fẹ̀, èyí tó bá tutù á sún kì. Ọjọ́ tí ìta rẹ̀ ń jó tí éèsì sì ń fẹ́ yìnyín sí i nínú, apá kan fẹ́ fẹ̀, èkejì fẹ́ sún, ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ ló máa jìyà rẹ̀. Omi tútù tí àwọn ọmọ tó ń fọ mọ́tò máa ń bù lu gíláàsì gbígbóná, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe. Èyí tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni pé omi fúnra rẹ̀, òjò lásán, tó bá wọnú ibi tó sán, á máa jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tètè là sí i. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tí kò kúrò lójú kan pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé irọ́ ni bàbá orí táyà yẹn wá pa? Rárá o. Òmíràn máa ń pẹ́ kó tó lọ, pàápàá tó bá kéré, tó sì jìnnà sí etí gíláàsì. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè wo àmì lójú kó sọ pé èyí máa dúró, èyí máa sáré. Ẹni tí tirẹ̀ kò mira lédè rẹ̀ ń dùn ní gáréèjì. Àwa tí tiwa mira, Òwodé Onírin, níbi tí wọ́n ti ń ta páàtì ọkọ̀, la máa ń pàdé.

Òwodé Onírin náà ni mo gbà lọ. Bàbá onígíláàsì tí mo bá níbẹ̀ ti darúgbó díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kún fún àpá. Mo sọ fún un pé mo rò pé gíláàsì iwájú kò wúlò ju kó dí afẹ́fẹ́ àti òjò lọ. Ó rẹ́rìn-ín. “Ọmọ mi, láyé dánfó Volkswagen nìyẹn.” Ó ní nígbà náà inú rọ́bà ni gíláàsì ń jókòó sí: wọ́n á ti okùn bọ etí rọ́bà yípo, ẹnì kan á máa tẹ̀ ẹ́ láti ìta, ẹnì kan á máa fa okùn láti inú, ó ti wọlé nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo ti rí orísun ọ̀rọ̀ táwọn àgbà mẹkáníìkì ń sọ, pé ká fi í sílẹ̀. Wọn kò purọ́, ọkọ̀ ló yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ti òde òní, gọ́ọ̀mù dúdú kan ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ọkọ̀, ó sì ti di ara egungun rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá gbókìtì, ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí òrùlé tẹ̀ lu èèyàn lórí. Éábáàgì ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, ara gíláàsì yẹn ló máa ń fẹ̀yìn tì nígbà tó bá tú jáde, kó tó lè gba onítọ̀hún mọ́ra. (Ìyẹn tí éábáàgì bá ṣì wà níbẹ̀ o. Tòkúnbọ̀ mìíràn, ìdérí lásán ló kù.)

Bàbá ṣa àfọ́kù gíláàsì iwájú kan nílẹ̀, ó gbé etí rẹ̀ síwájú mi. Ìpele mẹ́ta ni: gíláàsì, ohun kan bí ọ̀rá tó mọ́ kedere, gíláàsì. Ó fà á, àwọn àfọ́kù fà tẹ̀lé ọ̀rá, kò sí èyí tó jábọ́. Ará Faransé kan, Édouard Bénédictus, ló kíyè sí irú èyí lọ́dún 1903, nígbà tí ìgò kan jábọ́ tó fọ́ ṣùgbọ́n tí kò túká, torí pé kẹ́míkà tó ti gbẹ sínú rẹ̀ dì í mú. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn kò rí bẹ́ẹ̀, ìyẹn á fọ́ wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ ni. Lẹ́yìn náà, Bàbá ní kí n fi èékánná ra ojú ibi tó sán lára ọkọ̀ mi. Níta, èékánná mi há. Nínú, ó ń yọ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́. “Ìpele òde nìkan ló sán. Ká ní o tètè wá ni, a ò bá tún un ṣe.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló dùn mí jù. Àtúnṣe wà! Wọ́n ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin kúrò nínú ibi tó sán, á sì ti oje kan tó dà bí omi wọ inú rẹ̀. Wọ́n á wá tan iná àkànṣe sí i, irú ìtànṣán tó wà nínú oòrùn, oje náà á sì le. Àmì rẹ̀ kì í parẹ́ tán, ṣùgbọ́n kò ní rìn mọ́. Ohun tó gbà ni pé kí ibẹ̀ ṣì kéré, bí ojú owó ẹyọ, kí ìdọ̀tí má tíì wọ̀ ọ́, kó má sí létí, kó má sì sí lọ́ọ̀kán ojú awakọ̀. Kí ìlà tó sáré, gbogbo rẹ̀ ló pé sára tèmi. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà ló ní òun ì bá gbà. Gíláàsì tòkúnbọ̀ tí mo wá rà fún Corolla mi jẹ́ ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún, gọ́ọ̀mù àti iṣẹ́ ọwọ́ sì wà lọ́tọ̀. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì yẹn, kí ó jókòó kó tó béèrè iye tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi sùpágúlù sí i. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọ̀dà èékánná, àbẹ́là àti ọṣẹ ìfọyín. Sùpágúlù á ti gan kó tó dé ìdí ibi tó sán, á funfun, á sì dínà mọ́ oje tó yẹ kó wọlé. Bàbá ní tí òun bá ti rí i, òun kì í fọwọ́ kàn án. Sẹ́lótéèpù aláìláwọ̀ ni kí ẹ fi bò ó lójú ẹsẹ̀, kí eruku àti omi má ráyè.

Ìnṣọ́ránsì ńkọ́? Third party tí gbogbo wa ń rà torí VIO, tó fò láti 5,000 náírà sí 15,000 lóṣù kìíní ọdún 2023, nǹkan ẹlòmíì tí ẹ bá bàjẹ́ ló wà fún, kì í ṣe gíláàsì yín. Comprehensive, èyí tó ń bo ọkọ̀ tiyín náà, ni kí ẹ wo ìwé rẹ̀ dáadáa, torí wọ́n sábà máa ń fi ààlà sí iye tí wọ́n máa san lórí gíláàsì. Típà tó ju òkúta ńkọ́? Ẹ lè mú nọ́ńbà rẹ̀ tí ẹ bá ríran kà á nínú eruku yẹn. Tó bá jẹ́ òkúta ilẹ̀ ni táyà rẹ̀ ta, ta lẹ fẹ́ mú, ẹ̀rí wo lẹ sì ní? Èmi kúkú ń jìnnà sí wọn ni báyìí, kí wọ́n máa fọnfèrè lẹ́yìn mi tó bá wù wọ́n.

Lọ́jọ́ tí Bàbá lẹ gíláàsì mi, ó ní kí n fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí gọ́ọ̀mù lè gan, kí n ṣí fèrèsé kan díẹ̀, kí n má sì gbé e lọ síbi tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fọ mọ́tò. Gbogbo rẹ̀ ni mo ṣe.

Oṣù tó kọjá, ní Májídùn, òkúta mìíràn tún bà á. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo yọ sẹ́lótéèpù nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, mo lẹ̀ ẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ti wà ní Òwodé. Ó ti lé lọ́sẹ̀ mẹ́ta báyìí, tóótó kékeré kan ló kù. Ọmọ mi rò pé ìgbẹ́ ẹyẹ ni, àràárọ̀ ló ń fi èékánná ha á.