Kì í Ṣe Ogbó Ló Ń Mú Kí Àpótí Jíà Alùpùpù Máa Jò

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbọ́ títí tó fi sú mi: pé alùpùpù tó bá ti pẹ́ láyé kò lè ṣe kó má jò, àti pé ẹni tó bá ń wá bí ọ́ìlì kò ṣe ní máa kán lábẹ́ rẹ̀ mọ́ kàn ń da ara rẹ̀ láàmú lásán ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan tún sọ ọ́ níwájú mi ní ìsọ̀ mẹkáníìkì kan nílùú Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin. Ó ń wo àmì dúdú tí ọ́ìlì ṣe sílẹ̀ lábẹ́ alùpùpù rẹ̀, ó ní bí kò bá jò mọ́, a jẹ́ pé ọ́ìlì ti tán nínú rẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó jókòó síbẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀. Èmi kò lè gbè é, nítorí irọ́ ni, irọ́ yìí sì ń ba alùpùpù tó dára jẹ́ lójoojúmọ́ láti Àjàṣẹ́ títí dé Ṣábẹ̀.

Alùpùpù tí mo ní lọ́kàn ni Yamaha DT 125 ti àwọn ọdún 1970, irú èyí tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ deux temps (two-stroke), ìyẹn àwọn tí ẹ́ńjìnì wọn ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo. Nínú irú ẹ́ńjìnì bẹ́ẹ̀, oríṣi ọ́ìlì méjì ló ń ṣiṣẹ́, wọn kò sì gbọdọ̀ pàdé. Ọ̀kan ń bá epo lọ sínú ẹ́ńjìnì, ó ń jóná, ó ń di èéfín. Èkejì dúró sínú àpótí jíà, ó ń jẹ́ kí eyín jíà máa yọ̀ lára ara wọn. Ọ́ìlì kejì yìí kì í jóná rárá. Iye tí a bá dà síbẹ̀ ló yẹ kí a bá níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, yálà alùpùpù náà ti lo ọdún kan tàbí àádọ́ta ọdún. Bí ó bá ń dín kù, ó ní ibi tó ń gbà jáde, ibẹ̀ sì ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí.

Rọ́bà ló máa ń gbó. Irin tí wọ́n fi ṣe àpótí jíà kì í gbó débi pé ọ́ìlì yóò máa là á kọjá. Ibikíbi tí ọ̀pá irin kan bá ti yọ jáde lára àpótí náà, yálà ọ̀pá tó gbé irin eléyín iwájú tí ṣéènì ń yí lé, tàbí ọ̀pá tí a ń fẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí jíà, tàbí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì, rọ́bà roboto kan wà níbẹ̀ tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní joint spi. Ètè rọ́bà náà ló ń fara kan ọ̀pá, sípíríìngì wẹ́wẹ́ kan sì wà lẹ́yìn ètè náà tó ń fún un mọ́ ọn. Ooru ẹ́ńjìnì àti ọdún pípẹ́ á mú kí rọ́bà náà le, ètè rẹ̀ á là, ọ́ìlì á sì rí ọ̀nà. Títí dé ibí yìí, kò sí mẹkáníìkì tí kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n á yọ èyí tó gbó, wọ́n á fi tuntun sí i, alùpùpù á gbẹ fún ìgbà díẹ̀, á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jò. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé ogbó ni.

Ohun tí wọn kì í wò ni ojú irin tí ètè rọ́bà náà jókòó lé. Lára ọ̀pá tó gbé irin eléyín iwájú, ètè joint spi kò fara kan ọ̀pá fúnra rẹ̀. Orí bọ́ọ̀ṣì irin kan tó wọ̀ mọ́ ọ̀pá náà ló wà. Eruku pupa ojú ọ̀nà wa, tí ṣéènì ń gbé wá síbẹ̀, máa ń wọ abẹ́ ètè rọ́bà, á máa lọ ara bọ́ọ̀ṣì náà díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi gbẹ́ ilà yí i ká. Ẹ yọ bọ́ọ̀ṣì náà, ẹ nù ún mọ́, kí ẹ fi èékánná wọ́ ara rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì. Bí èékánná bá há sójú kan, kò sí joint spi tuntun tó máa lè dá ọ́ìlì dúró níbẹ̀, ì báà ṣe èyí tó wọ́n jù lọ́jà, torí pé inú kòtò àtijọ́ náà ni ètè tuntun yóò bọ́ sí.

Ohun tí mo bá lára alùpùpù tèmi gan-an nìyí. Mẹkáníìkì kan ti pààrọ̀ joint spi rẹ̀ léraléra, ó sì ti ní kí n gba kádàrá. Nígbà tí mo tú ìdérí rẹ̀ fúnra mi, tí mo yọ ṣéènì àti irin eléyín, ilà méjì ni mo rí lára bọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀kan jìn ju èkejì lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù wà nínú bọ́ọ̀ṣì náà. Òrùka rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín òun àti ọ̀pá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dí ọ̀nà tí ọ́ìlì lè gbà yọ́ jáde lábẹ́ bọ́ọ̀ṣì. Tèmi ti di pẹrẹsẹ, ó le koko, ó sì ṣẹ́ wẹ́wẹ́ nígbà tí mo fi ṣóńṣó irin wú u. Nínú gbogbo pípààrọ̀ tí wọ́n ti ń pààrọ̀ joint spi, ẹnì kankan kò fọwọ́ kàn án. Abẹ́ bọ́ọ̀ṣì ni ọ̀pọ̀ ọ́ìlì náà ń gbà, ó ń tọ eyín ara ọ̀pá bọ̀, ó ń yọ ní ìdí nọ́ọ̀tì irin eléyín, ṣéènì á sì wá fọ́n ọn ká ẹ̀gbẹ́ taya ẹ̀yìn, níbi tó ti lè gbé èèyàn ṣubú lójú ọ̀dà. Bọ́ọ̀ṣì tuntun, òrùka rọ́bà tuntun àti joint spi tuntun ni mo fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ rẹ̀ mọ́jú, páálí náà kò ní àmì kankan. Bẹ́ẹ̀ ló sì wà títí di òní, pẹ̀lú ìrìn Kétu sí Pọ́bẹ̀ tí mò ń fi rìn déédéé.

Ihò ìmí náà tún wà níbẹ̀. Ihò kékeré ni, òkè àpótí jíà ló wà, òun ni afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nígbà tí inú àpótí bá gbóná. Bí ẹrẹ̀ bá dí i, tàbí tí agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé bá sọ ọ́ di ilé, bí wọ́n ti máa ń ṣe sí ihò lára ohunkóhun tó bá dúró pẹ́ lójú kan, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa ti ọ́ìlì, joint spi tó dára pàápàá á sì jẹ́ kó kọjá. Àmì rẹ̀ ni pé alùpùpù náà á jò lẹ́yìn ìrìn jíjìn, ṣùgbọ́n kò ní jò bó bá dúró mọ́jú. Ọ́ìlì tó pọ̀ jù náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti gbà pé dandan ni kó jò á máa dà á kún ju ìwọ̀n lọ, á wá fọwọ́ ara rẹ̀ mú un jò.

Ní ti àwọn tó ń fi sílíkọ́ọ̀nù kun gbogbo ara àpótí jíà láti ìta, n kò ní ohun púpọ̀ bá wọn sọ. Sílíkọ́ọ̀nù kì í lẹ̀ mọ́ irin tí ọ́ìlì wà lára rẹ̀, kò sì sí bí a ṣe lè fi í dí etí ọ̀pá tó ń yí. Èyí tí wọ́n bá kì sáàárín abala àpótí méjèèjì, bó bá ti pọ̀ jù, á já bọ́ sínú, á sì máa bá ọ́ìlì rìn káàkiri. Àwọn tó ń da ọ́ìlì tó ki sí i kò sàn jù wọ́n lọ. Ọ́ìlì tí ìwọ̀n kíki rẹ̀ jẹ́ SAE 10W-30 ni Yamaha ní kí a máa lò nínú àpótí jíà irú alùpùpù wọ̀nyí, nítorí pé inú ọ́ìlì kan náà ni àwọn àwo kílọ́ọ̀ṣì wà. Bí a bá da SAE 140 ti ọkọ̀ akẹ́rù sí i, àwọn àwo náà á máa lẹ̀ mọ́ ara wọn, jíà á ṣòroó wọlé, ọ́ìlì náà á sì tún jò. Ó kàn máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó kán sílẹ̀ ni.

Wọ́n tún máa ń sọ pé àwọn alùpùpù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ ń jò láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà wọ́n. Bó bá jẹ́ pé tuntun ni wọ́n tí wọ́n fi ń jò, kí ló wá kan ogbó nínú ọ̀rọ̀ náà? Bí wọ́n ṣe ṣe wọ́n ló fà á. Honda ti ń ṣe Super Cub láti ọdún 1958, ọ̀pọ̀ ogbólógbòó rẹ̀ ló sì wà lójú títì dòní tí abẹ́ wọn gbẹ.

Mo gbà pé bí àpótí náà bá ti sán, tàbí tí bẹ́árìn tó gbé ọ̀pá bá ti jẹ débi pé ọ̀pá náà ń mì, rọ́bà nìkan kò ní tó. Àmọ́ ìyẹn náà ní àtúnṣe, àwọn tó ń fún ṣéènì wọn jù ló sì sábà máa ń dé bá.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wá ojú ibi tó ń jò. Nígbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù, ẹ tú ìdérí irin eléyín iwájú, kí ẹ fi epo fọ gbogbo ibẹ̀. Kpayo, ìyẹn epo bẹntiróòlù inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà, tó fún iṣẹ́ yìí. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ bu pàúdà ọmọdé lé e, ẹ dá ìdérí padà, ẹ gùn ún lọ síbi tí kò jìn, kí ẹ sì padà wá tú u wò. Bí pàúdà bá rin ní àyíká bọ́ọ̀ṣì, joint spi tàbí ojú bọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá jẹ́ ìdí nọ́ọ̀tì láàárín ló rin, òrùka rọ́bà inú ni. Bí pàúdà bá gbẹ, tí ilẹ̀ náà gbẹ, síbẹ̀ tí ọ́ìlì ń dín kù tí èéfín funfun sì ń yọ lẹ́yìn, joint spi ọ̀pá ẹ́ńjìnì tó wà lápá kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ́ńjìnì ń gbà fa ọ́ìlì náà mu.

Nọ́ńbà mẹ́ta wà lára joint spi: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta àti bó ṣe nípọn tó ní mílímítà. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi rà á lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bẹ́árìn, kì í ṣe orúkọ alùpùpù. Bí ẹ kò bá rí bọ́ọ̀ṣì tuntun, tí etí méjèèjì ti àtijọ́ bá sì dọ́gba, ẹ lè yí i padà kí ètè rọ́bà lè bọ́ sójú irin tí kò tíì gbẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ joint spi wọlé, ẹ̀gbẹ́ tí sípíríìngì wà ni kó kọjú sí ọ́ìlì, kí ẹ fi gíríìsì díẹ̀ pa ètè rẹ̀, kí ẹ sì fi páìpù tó fẹ̀ tó o tì í wọlé ní gbọọrọ. Bí ẹ bá fi òòlù lù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á wọ́, ẹ ó sì tún ra òmíràn.