"Gé e jẹ padà": ìmọ̀ràn tí kì í mú kí ọmọ jáwọ́

"Gé e jẹ padà, kó lè mọ̀ pé ó ń dunni." Bí ẹ bá ní ọmọ tó ń gé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ ní jẹ́lé-ó-sinmi l'Ábẹ́òkúta, ó dájú pé ẹ ti gbọ́ ìmọ̀ràn yìí rí. Ìyá àgbà tó ti tọ́ ọmọ méje yè á sọ ọ́. Náànì tó ń pààrọ̀ pampers fún wọn á sọ ọ́. Ìyá tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú á kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ òbí, àwọn mẹ́wàá á sì kan sáárá sí i. Àwọn kan tún ní àfikún: ata díẹ̀ létè, tàbí pàṣán kan tó wọra dáadáa. Iṣẹ́ ọmọ wẹ́wẹ́ ni mò ń ṣe nílùú yìí, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń gbani nímọ̀ràn báyìí kì í ṣe ìkà. Ire ọmọ ló ń rò. Àmọ́ ká tiẹ̀ fi ti àánú sí ẹ̀gbẹ́ kan ná: iṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń ṣe, kì í ṣe é.

Ẹ ó ní, "Èmi ṣe é fún tèmi, ó sì jáwọ́." Òótọ́ ni, ó jáwọ́. Láti bí ọmọ ọdún kan títí dé bí ọdún mẹ́ta ni ọmọ máa ń gé èèyàn jẹ jù. Eyín ń hù lọ́wọ́: ti àkọ́kọ́ máa ń yọ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ogún eyín ọmọdé sì máa ń pé ní bí ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta, àwọn ńláńlá ẹ̀yìn ló ń kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì délẹ̀ lẹ́nu: ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún méjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so ọ̀rọ̀ méjì méjì pọ̀ ni, "màmá wá", "tèmi ni". Bó bá fi máa pé ọdún mẹ́ta, tó lè sọ pé "Má gbà á, èmi ni mo kọ́kọ́ mú un", eyín á sinmi. Ẹni tó nà án á wá ní ẹgba òun ló ṣe é. Ẹni tó gé e padà á ní eyín òun ni. Ẹni tó gbé e lọ sórí òkè àdúrà á jẹ́rìí lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ tí ẹnikẹ́ni ò ṣe nǹkan kan fún náà jáwọ́, ṣùgbọ́n ta ní máa ń jẹ́rìí ìyẹn?

Ohun mìíràn tún ń tàn wá jẹ. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá burú jù là ń mú pàṣán. Ọmọ gé ẹni mẹ́ta jẹ láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó di ariwo, wọ́n nà án. Lọ́jọ́ kejì kò gé ẹnì kankan. Bí wọn ò bá nà án rárá, ó ṣeé ṣe kí ọjọ́ kejì sàn jù bẹ́ẹ̀ náà, torí irú ọjọ́ àná yẹn kì í wá lemọ́lemọ́. Pàṣán ló gba ìyìn.

Lóòótọ́, ọmọ tí àgbà bá gé jẹ á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ló bà á. Kí ló wá kọ́? Kó tó lè sọ nínú ara rẹ̀ pé "bó ṣe ń dùn mí yìí ló ṣe dun ọmọ yẹn", ó gbọ́dọ̀ gbé ìrora tirẹ̀ tì, kó rántí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kó sì fi ara rẹ̀ sípò ẹlòmíràn. Ọpọlọ ọmọ oṣù méjìdínlógún kò tíì gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àgbàlagbà mìíràn gan-an ò tíì lè ṣe é, ẹ wo bí wọ́n ṣe ń wakọ̀ ní Pánsẹ́kẹ́ nírọ̀lẹ́. Ohun tí ọmọ rí ni pé àǹtí tóun fẹ́ràn gé òun jẹ. Ẹni tó bá tóbi, tínú bá ń bí, lè gé èèyàn jẹ. Ẹ̀kọ́ yẹn yé e kíá.

Ní 1961, Albert Bandura àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Stanford, l'Ámẹ́ríkà, jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi wo àgbàlagbà kan tó ń lu ọmọlángidi onírọ́bà ńlá kan, tó ń gbá a nípàá, tó ń fi òòlù igi kàn án lórí. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọmọlángidi yẹn, ọ̀pọ̀ ṣe bí wọ́n ṣe rí i gẹ́lẹ́, àwọn kan tiẹ̀ ń tún ọ̀rọ̀ ẹnu àgbà náà sọ. Àwọn tí kò rí irú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ lù ú. Ní 2016, Elizabeth Gershoff àti Andrew Grogan-Kaylor kó ìwádìí 75 jọ, tó kan ọmọ tó lé ní 160,000, lórí fífi àtẹ́lẹwọ́ na ọmọ nídìí. Àtẹ́lẹwọ́ lásán o, pàṣán ò sí níbẹ̀. Bí nínà bá ṣe ń pọ̀ tó ni agídí àti jàgídíjàgan ọmọ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹnì kan á ní ọmọ alágídí ni wọ́n ń nà jù tẹ́lẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ oògùn ni, ó yẹ ká rí ìwòsàn nínú ọ̀kẹ́ mẹ́jọ ọmọ.

Ẹ má sì sọ pé ọmọ òyìnbó nìyẹn, tiwa le lára. Victoria Talwar àti Kang Lee gbé ìwádìí kan jáde ní 2011 láti ilé-ìwé aládàáni méjì ní orílẹ̀-èdè kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà níbí. Ní ọ̀kan, igi, ìgbátí àti èékánná ni wọ́n fi ń tọ́ ọmọ. Ní èkejì, ìbáwí ẹnu ni, bó bá le, wọ́n á mú un lọ bá ọ̀gá. Wọ́n gbé ohun ìṣeré sẹ́yìn ọmọ ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ yọjú wò ó, wọ́n sì jáde. Ọ̀pọ̀ ọmọ nílé-ìwé méjèèjì ló yọjú. Nígbà tí wọ́n bi wọ́n, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó yọjú nílé-ìwé onípàṣán ló purọ́, wọ́n sì mọ bí wọ́n ṣe ń bo irọ́ náà ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ibi tí ẹgba ń gbé ọmọ lọ nìyẹn. Á mọ ìgbà tí àǹtí kọ ẹ̀yìn sí i.

Mo lọ jókòó ní kíláàsì kan ní Ọbáńtokò, níbi tí ọmọkùnrin kan wà tí wọ́n ti sọ lórúkọ, "Ajá". Wọ́n ní kò sí ohun tó ń fà á, ó kàn máa ń gé èèyàn jẹ ni. Mo ní kí àǹtí wọn máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkígbà tó bá ṣẹlẹ̀: aago mélòó, ibo, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú, kí ló tẹ̀lé e. Ojú ìwé kan ò tíì kún tí ìdí fi hàn. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó dé ni, ní igun tó wà láàárín kọ́bọ́ọ̀dù àti ẹní, níbi tí ọkọ̀ ìṣeré pupa kan ṣoṣo máa ń wà. Ọmọ mìíràn á na ọwọ́ sí ọkọ̀. Ọmọ tiwa á di eyín pa, àgbọ̀n á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀, á wojú àǹtí. Àǹtí ń bu ògì sínú ife, kò rí i. Ká tó ṣẹ́jú, eyín ti wọ apá. Ọmọ kejì fi ọkọ̀ sílẹ̀, ó figbe ta. Ọkọ̀ di ti ẹni tó géni jẹ. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ fún ọmọ, á tún un ṣe. Bó sì ṣe rí fún wa náà nìyẹn.

Èdè tún wà níbẹ̀. Ọmọ Láfẹ́nwá ni, Yorùbá ni wọ́n ń sọ nílé wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Ilé-ìwé náà kì í jẹ́ kí ọmọ sọ Yorùbá ní kíláàsì. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀, wọn ò gbà á. Èyí tí wọ́n gbà, kò mọ̀ ọ́n. Kí ló kù lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe eyín? Àwọn òbí ló ń fẹ́ òyìnbó yìí, mo mọ̀, wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tiwọn nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lágbègbè Ilé-Ifẹ̀, tó fi hàn pé ọmọ tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò gbẹ́yìn, nínú òyìnbó pàápàá.

Wọ́n gbé ìpápánu ṣáájú. Wọ́n sún kọ́bọ́ọ̀dù kí igun yẹn lè ṣí sílẹ̀ lójú. Wọ́n ra ọkọ̀ kejì, pupa kan náà, torí ọmọ ọdún méjì kò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ "ẹ jọ pín in". Àǹtí wá ń jókòó nítòsí rẹ̀ lásìkò náà. Bí àgbọ̀n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á na ọwọ́ sáàárín wọn, á ní, "Sọ pé: tèmi ni." Yorùbá ni o. Kò jáwọ́ lọ́jọ́ kan. Ó dín kù, ó tún pọ̀ sí i lọ́sẹ̀ tí eyín ẹ̀yìn ń yọ, tí wọ́n fún un ní aṣọ ìnujú tútù tó mọ́, tó lè máa rún lẹ́nu, ó sì tún dín kù. Orúkọ Ajá ló pẹ́ kó tó kúrò lẹ́nu wọn.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ tán ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n gé jẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹni tó gé e rí i pé ibẹ̀ ni ojú gbogbo ènìyàn lọ. Ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀. Bí awọ bá bó tàbí tí ẹ̀jẹ̀ jáde, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, torí ìdọ̀tí pọ̀ nínú ẹnu èèyàn. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ síwájú ẹni tó gé e, ẹ wò ó lójú, ẹ sọ ọ́ ní ṣókí: "Rárá. A kì í géni jẹ. Ó dùn ún." Ìwàásù gígùn ò wọ etí ọmọ yẹn. Ọkọ̀ náà kò gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn òbí ọmọ méjèèjì kí wọ́n tó rí ojú eyín lára ọmọ wọn nígbà ìwẹ̀. Ẹ má dárúkọ ẹni tó gé e fún òbí kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tí wọ́n gé jẹ á ti sọ ọ́ tán kó tó gun ọ̀kadà délé.

Mo mọ ohun táwọn àgbà á sọ: pé ìkẹ́bàjẹ́ ni. Àwọn àgbà kan náà ló ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra, wọn ò sì sọ eyín mọ́ ọn. Ẹni tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọmọ, tó ní "rárá", tí kò sì yí ohùn padà bọ́mọ náà tilẹ̀ ń yí gbiri nílẹ̀, ti bá a wí. Ìjọba Ògùn pàápàá ti ṣe òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ní 2006, lẹ́yìn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2003, òfin náà kò sì fàyè gba ìyà tó ń tàbùkù ọmọ. Ata létè, níbo lẹ fẹ́ pín in sí?

Ọmọ kan wà tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ju báyìí lọ. Bó bá ti kọjá ọdún mẹ́ta dáadáa tó ṣì ń géni jẹ lemọ́lemọ́, tàbí tó pé ọdún méjì tí kò tíì lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, tàbí tí ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ láti ẹ̀yìn tí kò yíjú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ìdí-Àbà, lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn ọmọdé, kí ẹ sì ní kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò.