Èsì wa fún oníbàárà tó ra sushi fún bàbá wọn tó ní àtọ̀gbẹ

Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, mà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní róòlù sushi 2, ìyẹn ìrẹsì àti ẹja tí a fi ewé òkun wé, lẹ rà lọ́wọ́ wa fún ọjọ́ ìbí wọn, torí pé ẹja ni, kò sì lóróró. Àmọ́ nígbà tí ẹ yẹ ṣúgà wọn wò lẹ́yìn wákàtí 2, 247 mg/dL ni ẹ̀rọ gbé jáde, ó sì ga jù. Ìràwọ̀ 2 tí ẹ fún wa tọ́ sí wa.

Ẹja kọ́ ló fà á, ìrẹsì ni. Róòlù wa kan ń gba ìrẹsì sísè bíi gíráàmù 120, ìrẹsì funfun ti Jàpáánì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra. Tá a bá sì sè é tán, a máa ń po fínígà, iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ ọn. Ṣúgà yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lẹ́nu, torí fínígà ti bò ó. Ìrẹsì tí ẹ ti gbà kúrò níwájú wọn nílé ni mo wá fi ewé òkun wé, tí mo tún gbé padà fún wọn. Ohun tó dùn mí jù ni pé mo mọ̀. Ìyá mi náà ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, mi ò sì jẹ́ gbé odidi róòlù 2 síwájú wọn. Síbẹ̀ mi ò kọ ọ́ síbi tí oníbàárà á ti rí i pé ṣúgà wà nínú ìrẹsì yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. A ti kọ ọ́ báyìí, a sì kọ ìwọ̀n ìrẹsì sábẹ́ róòlù kọ̀ọ̀kan.

Àwọn kan máa ń sọ fún wa pé fínígà á pa ṣúgà. Ó lè dín eré tí ṣúgà fi ń gòkè kù díẹ̀, àmọ́ ìrẹsì tó pọ̀ tó yẹn ju agbára ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún akàn àdàmọ̀dì náà, ẹja lílọ̀ tí wọ́n fi sítáàṣì àti ṣúgà pò ni. Ti soy sauce, omi dúdú tí wọ́n máa ń fi sushi kàn, iyọ̀ ẹ̀ ló pọ̀. Tí Bàbá bá tún ní ẹ̀jẹ̀ ríru, díẹ̀ báyìí ni kí wọ́n fi kàn án.

Ohun tí mo ń ṣe fún ìyá mi ni sashimi, ẹja nìkan láìsí ìrẹsì, tàbí kí n bẹ kùkúḿbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí n fi wé ẹja salmon àti píà. Nígbà míì wọ́n á fi ègé róòlù onírẹsì 3 tàbí 4 kún un, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ ẹja àti ẹ̀fọ́ ná. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ínsúlínì ni Bàbá ń gún kí wọ́n tó jẹun, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà wọn, torí oúnjẹ tí kò ní ìrẹsì rárá lè jẹ́ kí ṣúgà já wálẹ̀ jù, ewu nìyẹn náà.

Mo ti dá owó yín padà. Tí ẹ bá tún fẹ́ ra nǹkan fún wọn, ẹ kọ "ti Bàbá" sí i, èmi fúnra mi ni màá ṣe é.