Ta ló ni CAP? Àríyànjiyàn lórí ìpín UAC, owó ìfẹ̀yìntì àti àwa mẹ̀kúnnù

Adébísí Ìkẹjà:
Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi dá sí i. Mo ní ìpín díẹ̀ nínú CAP Plc, àwọn tó ń po ọ̀dà Dulux ní òpópónà Adéníyì Jones, Ìkẹjà. Lánàá ni ọ̀rẹ́ mi kan fi àtẹ àwọn onípìn-ín wọn ránṣẹ́ sí mi. Àtẹ náà pín wọn sí ilé-iṣẹ́ ìyá, àwọn àjọ olówó ńlá (bíi àwọn tó ń tọ́jú owó ìfẹ̀yìntì), àwọn olùdarí, àti àwa mẹ̀kúnnù. UAC, ilé-iṣẹ́ ìyá náà, nìkan ló kó ju ìdajì lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n tètè tà á, pé ilé tí ẹnì kan bá ti ni ju ìdajì rẹ̀ lọ, ayálégbé ni gbogbo àwọn tó kù. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́?

Àkànbí Alágbàtà:
Adébísí, fọkàn balẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ alágbàtà ìpín ní Èkó, n kò sì rí ìgbà tí CAP wà láìní ọ̀gá. ICI ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni baba rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun ṣòfin lọ́dún 1972, tí wọ́n tún le koko mọ́ ọn lọ́dún 1977, pé kí àwọn òyìnbó ta ìpín fún ọmọ onílẹ̀, ìgbà náà ni àwọn òbí wa tó jẹ́ olùkọ́ àti akọ̀wé ìjọba ráyè ra ìpín nínú irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, ICI kó ẹsẹ̀ nílẹ̀, UAC sì jókòó sí àyè rẹ̀. Ẹni tó jókòó ló yí padà, àga náà kò ṣófo rí.

Ohun tó yẹ kó o mọ̀ ni pé èrè orí ìpín kò mọ olówó yàtọ̀ sí mẹ̀kúnnù. Bí CAP bá pín náírà kan lórí ìpín kan, náírà kan ni UAC gbà lórí tiẹ̀, náírà kan ni ìwọ náà gbà. Ọ̀gá tó ń retí èrè yẹn láti fi tẹ́ àwọn onípìn-ín tirẹ̀ lọ́rùn kò ní gbà kí àwọn olùdarí ná owó ní ìnákúnàá. Ní tèmi, ó sàn kí ilé lólórí ju kó dà bí oko tí kò lólóko.

Tọ́lá Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ ẹ fo ibi tó ń dunni. Èrè orí ìpín nìkan kọ́ ni ọ̀nà tí owó ń gbà kúrò nílé ọmọ lọ sílé ìyá. Ìyá lè gba owó iṣẹ́ àbójútó. Ó lè gba owó ilé. Ó lè yá owó lọ́wọ́ ọmọ ní èlé tí báńkì kankan kò ní gbà. Nínú gbogbo ìyẹn, kọ́bọ̀ kan kò ní dé ọ̀dọ̀ Adébísí.

N kò sọ pé UAC ṣe bẹ́ẹ̀ o. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó ṣí ìròyìn ọdọọdún síbi tí wọ́n ti kọ òwò tó wà láàárín ilé-iṣẹ́ náà àti àwọn ìbátan rẹ̀, kó fi iye ibẹ̀ wé èrè ọdún yẹn, kó wo ọdún mẹ́ta léra wọn. Bí owó tó ń lọ sílé ìyá bá ń ga nígbà tí èrè ń relẹ̀, ìgbà yẹn ni kó ronú àtità.

Ẹ tún wo 2021. CAP àti Portland Paints, àwọn oní-Sandtex, di ọ̀kan. UAC ló ni ìdá 51 àti díẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún CAP, òun náà ló ni ìdá tó lé ní 85 nínú Portland. Òun ló wà nídìí títà, òun ló wà nídìí rírà. Ta ló ń ná ọjà náà fún mẹ̀kúnnù?

Àkànbí Alágbàtà:
Òfin ló ń ná an. Irú ìdàpọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò àwọn tó wá sípàdé, ó gba àṣẹ SEC, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ ọjà ìpín, ó tún gba ti ilé-ẹjọ́. Wọ́n sì ní kí onípìn-ín Portland yàn: náírà 2.90 lówó lórí ìpín kan, tàbí ìpín CAP kan fún mẹ́jọ tirẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 2.90 lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ náírà 23.20. Ẹni tó gbà pé ìpín CAP kan tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò mú ìpín, ẹni tí kò gbà yóò gba owó rẹ̀ lọ. A kò fipá mú ẹnikẹ́ni.

Tọ́lá Ọ̀ṣogbo:
Ẹ ṣeun fún ìṣirò yẹn, ó wúlò. Àmọ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tí ẹ ń wí, ti àwọn tó wá sípàdé ni. Bí ẹni tó ní ju ìdá 85 lọ bá nawọ́ sókè, èwo ni tiwa tó kù? Lẹ́yìn ìdàpọ̀ náà, ìpín UAC nínú CAP ti sún mọ́ 58. Ẹni tó bá kó gbogbo ìbò ìdá 58 wá lè yan olùdarí, ó lè yọ olùdarí, kò nílò ẹnikẹ́ni.

Kúnlé ti Houston:
Ẹ jẹ́ kí n mú tibí wá, torí ìlú tí mò ń gbé ni ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà kan wà tó jọ ọ̀rọ̀ yín. Westlake ni wọ́n ń pè é. PVC àti àwọn èròjà ike ni wọ́n ń ṣe. Ìdílé Chao dá a sílẹ̀ lọ́dún 1986, wọ́n gbé e wọ ọjà ìpín New York lọ́dún 2004, síbẹ̀ ìdá tó lé ní 70 ṣì wà lọ́wọ́ ìdílé náà. Òfin ọjà yẹn kò tiẹ̀ kan irú wọn nípá pé kí àwọn olùdarí tó dá dúró pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, torí ẹnì kan ló ni ju ìdajì ìbò.

Lọ́dún 2016 wọ́n fẹ́ ra Axiall, ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà míì tí ìpín tiẹ̀ fọ́n ká sọ́wọ́ àwọn àjọ olówó ńlá. Ní January wọ́n ní àwọn yóò fún wọn ní iye tó jẹ́ 20 dọ́là lórí ìpín kan. Àwọn olùdarí Axiall kọ̀. Wọ́n fà á títí di June, ó sì di 33 dọ́là.

Tọ́lá Ọ̀ṣogbo:
Ẹ̀gbọ́n Kúnlé, ẹ ti bá mi sọ ọ́! Dọ́là 13 ló wọlé lórí ìpín kan torí pé ẹni tó ń rà yàtọ̀ sí ẹni tó ń tà. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí Adébísí rí. N kò ní kí ọ̀gá ńlá má sí. Ọjọ́ tí ọ̀gá náà bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tábìlì ni kí mẹ̀kúnnù la ojú rẹ̀.

Àkànbí Alágbàtà:
Mo gba ti Axiall. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ ẹ má gbàgbé pé ìdílé Chao tí kò sẹ́ni tó lè lé kúrò náà ló ní sùúrù láti ra irú ilé-iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn àjọ olówó ńlá kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Nílé níbí, ẹ wo Berger Paints: ìpín 289,823,447 péré ló wà níta, fún ọ̀pọ̀ ọdún kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó ní ìdajì rẹ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni níbí lè fọwọ́ sọ̀yà pé onípìn-ín kékeré Berger sùn dáadáa ju ti CAP lọ?

Adébísí Ìkẹjà:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣé. Nǹkan kan tún rú mi lójú. Nínú ìròyìn ọdọọdún, mo rí olùdarí kan tí wọ́n kọ òdo sí níwájú, tí wọ́n sì kọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ìpín sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ṣé ó lówó tó bẹ́ẹ̀ ni?

Àkànbí Alágbàtà:
Rárá. Òpó àkọ́kọ́ ni ìpín tó fi owó ara rẹ̀ rà, tó wà lórúkọ rẹ̀. Òpó kejì ni ti ilé-iṣẹ́ tó ń ṣojú fún nínú ìgbìmọ̀. Bí o bá da méjèèjì pọ̀, wàá rò pé àwọn ará inú ilé ti ri owó wọn mọ́bẹ̀ gan-an, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní ju ẹgbẹ̀rún mélòó kan lọ. Òpó àkọ́kọ́ ni kó o máa wò. Olùdarí tó bá fi owó ara rẹ̀ ra ìpín, NGX, ọjà ìpín ilẹ̀ wa, máa ń gbé ìwé rẹ̀ jáde. Wọn kò sì gbọdọ̀ rà tàbí tà nígbà tí ìṣirò ìdá mẹ́rin ọdún bá ń bọ̀, títí di wákàtí 24 lẹ́yìn tó bá jáde fún gbogbo ayé.

Kúnlé ti Houston:
Ní Amẹ́ríkà níbí, ọjọ́ iṣẹ́ méjì péré ni wọ́n fún ará inú ilé, bíi olùdarí, láti jẹ́wọ́ pé òun rà tàbí òun tà. Àwọn àjọ olówó ńlá sì ní ọjọ́ 45 lẹ́yìn tí ìdá mẹ́rin ọdún bá parí láti sọ ìpín tí wọ́n ní. Nítorí náà, àtẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ẹ bá rí lónìí lè ti di ti oṣù mẹ́rin sẹ́yìn. Nígbà míì wọ́n á kọ pé àwọn àjọ ní ju ìdá 100 lọ. Kì í ṣe irọ́. Ìpín tí ẹnì kan yá, tó tà fún ẹlòmíì, ni wọ́n kà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fi irú iye bẹ́ẹ̀ pinnu nǹkan.

Màmá Olùkọ́:
Ẹ kú àríyànjiyàn, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ìpín CAP tí mo ní, ọkọ mi ló fi sílẹ̀, èrè rẹ̀ sì ti bá mi san owó ilé-ìwé fún ọmọ méjì. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Ṣùgbọ́n a tún ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n ní ká rà á torí pé àwọn tó ni ín fẹ́ràn rẹ̀, wọn kì í tà. Lóòótọ́, wọn kò tà. Ẹnikẹ́ni kò sì rà. Nígbà tí ọkọ mi wà lórí ibùsùn àìsàn, mo ní kí alágbàtà bá mi ta tiwa. Oṣù mẹ́ta gbáko, kò sí ẹni tó ra ẹyọ kan. Iye tí wọ́n kọ lára rẹ̀ kò yí padà, ó kàn jókòó síbẹ̀ bí aago tó kú.

Nítorí náà, èmi kì í béèrè ẹni tó ni ilé mọ́. Ìlẹ̀kùn tí mo lè gbà jáde ni mò ń béèrè.

Tọ́lá Ọ̀ṣogbo:
Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, ma. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìdí tí NGX fi ní kí ìdá 20 ó kéré tán, tàbí iye tó tó bílíọ̀nù 20 náírà, wà lọ́wọ́ aráàlú nìyẹn. Kí ìdàpọ̀ tó wáyé, mílíọ̀nù 700 ni ìpín CAP. Ẹ yọ ti UAC kúrò, ó ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 340. Nínú ìyẹn, àwọn tó jogún tí wọn kò ní tà wà níbẹ̀, àwọn tó ti kú tí ẹbí kò mọ̀ pé wọ́n ní ìpín náà wà níbẹ̀. Ohun tó ń yí lọ́jà gan-an kéré gan-an ni.

Ti owó ìfẹ̀yìntì sì rèé: òfin PenCom, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ owó ìfẹ̀yìntì, kò gbà kí àwọn tó ń tọ́jú owó náà ra ìpín ilé-iṣẹ́ tí kò jèrè, tàbí tí kò pín nǹkan kan fún àwọn onípìn-ín ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún márùn-ún. Bí wọ́n bá wọlé, àmì rere ni. Bí wọ́n bá ń jáde lọ́jọ́ kan náà, ìlẹ̀kùn kékeré yẹn ni gbogbo wa máa fún ara wa pa sí.

Àkànbí Alágbàtà:
Mo túúbá lórí ti ìlẹ̀kùn, Màmá. Mo ti rí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà wa. Síbẹ̀ n kò ní kí Adébísí ta ti CAP. Nǹkan kan wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì mẹ́nu bà. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ní kí ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìṣirò wò jẹ́ ẹni márùn-ún: olùdarí méjì, onípìn-ín mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta yìí ló máa ń rí ìwé òwò ìyá àti ọmọ tí Tọ́lá ń pariwo. Onípìn-ín kan ló ń fi orúkọ onípìn-ín míì sílẹ̀, ní kíkọ, sọ́dọ̀ akọ̀wé ilé-iṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ 21 ṣáájú ìpàdé ọdọọdún. Àwa mẹ̀kúnnù kì í ṣe é. A máa ń lọ gba ẹ̀bùn àti oúnjẹ, a ó sì padà sílé.

Màmá Olùkọ́:
Ìṣirò ni mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ. Adébísí, ìwọ náà ní ìpín níbẹ̀. Ṣé wàá kọ orúkọ mi sílẹ̀?

Adébísí Ìkẹjà:
Màmá, mo ti ń wá bébà. Ẹ sọ bí ẹ ṣe ń kọ orúkọ yín lọ́dọ̀ rẹ́jísírà, àwọn tó ń tọ́jú ìwé orúkọ onípìn-ín, fún mi, kó má baà yàtọ̀.