Ojú Olóògbé Lára Báàfù

Ní Ìbàdàn tòní, òkú kì í wọlẹ̀ tán lọ́jọ́ tí wọ́n bá bu erùpẹ̀ bò ó. Ó di ìgbà tí ojú rẹ̀ bá hàn lára rọ́bà. Ẹ lè pe àlùfáà méje, kí ẹ pa màlúù mẹ́ta, kí ẹ gbé onífújì wá láti Èkó, bí àlejò bá fi ọwọ́ lásán kúrò lábẹ́ kánópì, ohun tí yóò sọ délé ni pé, "Ìnáwó ìyá wọn yẹn, wọn ò fún èèyàn ní nǹkan kan." Kò ní rántí pé òun gba àmàlà lẹ́ẹ̀mejì.

Ìdí rèé tí ọmọ olóògbé fi máa ń dé ọjà Ògùnpa lọ dúnàádúrà ike kí ó tó rántí ẹni tí yóò gbẹ́ sàréè. Báàfù, jọ́ọ̀gù, tíréè, abọ́ onídèérí, garawa kékeré tí kò lè gba omi ìwẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Láti ibẹ̀ ó di ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò tẹ fọ́tò sí i lára: màmá nínú gèlè, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ ikú, "Sùn re o, abiyamọ tòótọ́", àti orúkọ ẹni tó sanwó rẹ̀, èyí tí wọ́n sábà máa ń kọ tóbi ju ti òkú lọ. Ẹ má sì rò pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni nǹkan wọ̀nyí ń gbà wá. Àkọ́bí ní tirẹ̀, ìyàwó ilé ní tiwọn, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ní tiwọn, ọmọọmọ tó ti Kánádà dé ní tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Pípín rẹ̀ ní ètò. Àwọn tó wọ léèsì, tí wọ́n jókòó nítòsí onílù, kúlà ni tiwọn. Àwọn tó ra ankárá ẹbí ń gba tíréè. Àwa tí wọ́n fi sí ẹ̀yìn lọ́hùn-ún nítòsí jẹnẹrétọ̀, ife kan báyìí ni, tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ ó máa rí ìka yín láti òdì kejì. Kò sí èyí tí kò wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, ojú olóògbé tún wà lára ọ̀rá náà, bóyá kí ẹ má baà ṣi òkú gbé délé. Ẹni tó ń pín in kò sì mọ àgbà. "Ẹ ti gbà!" "Èmi kọ́, ẹni tó jókòó tì mí ni." "Ẹ ti gbà, Mà, mo rí gèlè yín!" Alhájà tó ní ilé mẹ́rin ní Àkóbọ̀ á dìde, á máa bẹ ọmọ ọlọ́mọ nítorí báàfù tí kò tó owó epo tó fi wakọ̀ débẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan ń gbé ní Mọ́níyà. Bí ẹ bá ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná rẹ̀ láti mú iyọ̀, àwọn òkú ni yóò kọ́kọ́ wò yín lójú. Bàbá kan wà lára abọ́ gààrí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó jẹ́ ìyá ìjọ nígbà ayé rẹ̀ bá ara rẹ̀ lára garawa tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. N kò mọ ohun tó ṣe. Tọkọtaya kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, lára tíréè, wọ́n fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti ara wọn. Ìgbéyàwó yẹn ti fọ́ láti èṣín. Tíréè kò fọ́.

Kò sì ní fọ́ láìpẹ́. Àwọn onímọ̀ ní ike lè wà nílẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, àti pé kì í jẹrà bí ewé ṣe ń jẹrà, ńṣe ló kàn ń rún wẹ́wẹ́ títí ojú kò fi ní rí i mọ́, tí yóò sì wà nínú omi àti nínú ẹja síbẹ̀. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń gbàdúrà kí orúkọ ìdílé yín má parun, ẹ dákẹ́ àdúrà, ó ti gbà.

Ẹnìkan á ní, "Ṣùgbọ́n ó wúlò." Ó wúlò kẹ̀. Báàfù kìíní wúlò, èkejì wúlò. Ẹ̀kẹtàlá ńkọ́? Ọ̀rá tí wọ́n fi dì í ńkọ́, èyí tó ti ya kí ẹ tó dé ibi tí ẹ gbé mọ́tò sí? Nígbà kan, abọ́ tánganran ni wọ́n máa ń yá fún ìnáwó ní ìlú yìí. Bí àlejò bá jẹun tán, àwọn ọmọ ilé á kó o, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á kà á, wọ́n á dá a padà fún ẹni tó ni ín, wọ́n á sì jà lórí ọ̀kan tó sọnù. Kò sí ẹni tó pè é ní ìtọ́jú àyíká. Wọ́n kàn ń bẹ̀rù owó ìtanràn ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún lọ sẹ́yìn díẹ̀. Àwa náà kọ́ ni wọ́n ń kì ní ọmọ ajòrosùn, ọmọ a-jẹ̀gbín-yó-fi-ìkarahun-fọ́rí-mu? Ìtàn ní ogun ló lé Lágelú tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ọmọ rẹ̀, gun orí òkè, tó fi di pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n ń jẹ. Wọ́n jẹ ìgbín tán, wọn ò sọ ìkarahun nù, wọ́n fi mu ẹ̀kọ. Onílù ń kì wá báyìí ní òde àríyá, orí wa ń wú, a ń ná owó mọ́ ọn níwájú orí. Ẹni tí wọ́n sì ń kì lọ́wọ́, ó ti mu omi inú ike lẹ́ẹ̀mẹta péré, ó ti fi ẹsẹ̀ ta ìyókù sábẹ́ àga.

Omi yẹn gan-an, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. 20 ọ̀rá ló wà nínú àpò píọ̀ wọ́tà kan. Kí ẹ pe 500 èèyàn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mu méjì péré, 50 àpò ti lọ nìyẹn, 1,000 ọ̀rá, kí a tó ka èyí tí ìyá kan bẹ́ lẹ́nu láti fi ṣan ẹsẹ̀ ọmọ. Àríyá parí ní alẹ́ Sátidé, onítẹ́ǹtì tú tẹ́ǹtì, oníjẹnẹrétọ̀ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Ta ló kó ọ̀rá? Afẹ́fẹ́ àti gọ́tà.

Bí òjò bá wá ṣú báyìí, ẹ dúró ní àdúgbò èyíkéyìí tó sún mọ́ odò Ògùnpa tàbí Kúdẹtì kí ẹ wo ìran. Ilẹ̀kùn á máa ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò fẹ́ sanwó fún akólẹ̀, òjò kì í gba kọ́bọ̀, nítorí náà gbogbo ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n máa ń dà fún àgbàrá kí ó bá wọn gbé e. Ẹ wo garawa tí wọ́n fi ń dà á dáadáa. "Ó dìgbà, Bàbá rere." Bàbá náà sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè bí omi bá wọlé. Ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé èèyàn. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé tún dé, èèyàn tó lé ní 100 ló bá a lọ. Ilé tí a kọ́ sójú ọ̀nà omi wà nínú ẹ̀sùn náà, pàǹtí tí a fi dí omi lọ́nà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. A ṣọ̀fọ̀. Ó sì ṣeé ṣe kí àwọn kan ti pín báàfù níbi ọ̀fọ̀ náà.

Síbẹ̀, olówàḿbẹ̀ ṣì sàn. Kò sọ pé òun ń tún ayé ṣe. Àwọn tó ń dá mi lágara ni àwọn tí ìfẹ́ àyíká ti di aṣọ ẹbí fún. Láti 1973 ni àgbáyé ti ń ṣe ọjọ́ àyíká ní 5 oṣù Kẹfà, ọ̀rọ̀ ike sì ni wọ́n gbé sókè ní 2018, ní 2023 àti ní 2025. Ẹ wá wo bí àwa ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tẹ bánà gbàgàdà pé kí a kọ ike sílẹ̀. Ike ni bánà náà. Wọ́n á kàn án mọ́ igi tó ń dàgbà jẹ́jẹ́. Wọ́n á pín tíṣáàtì aláwọ̀ ewé, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá. Oúnjẹ á dé nínú ike, ṣíbí ike á wà nínú ọ̀rá tirẹ̀, omi ike á tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá pátápátá yóò wọ ìbọ̀wọ́ funfun, yóò tẹ̀ ba, yóò mú ọ̀rá kan nílẹ̀. Oníkámẹ́rà á ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá a padà sílẹ̀, ojú yín ò hàn." Ọ̀gá á dá a padà. Á tún un mú. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á wọ jíìpù, ibẹ̀ á sì dọ̀tí ju bí wọ́n ṣe bá a lọ. Ọ̀rá tí wọ́n fi ya fọ́tò náà á ṣì wà níbẹ̀.

Òmíràn tún wà tó ti dé Bódìjà: ọjọ́ ìbí tí kò gba ike. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpè. Wọ́n gbé mọ́ínmọ́ín eléwé jáde, tábìlì gbogbo hó yèè, wọ́n yọ fóònù, wọ́n ń ya ewé ní fọ́tò. Àwọn kan náà ni o! Àwọn ni wọ́n ń sọ nígbà kan pé ewé dọ̀tí, pé agolo àti ọ̀rá ló mọ́, pé mọ́ínmọ́ín eléwé, ará oko ló ń jẹ ẹ́. Ẹlẹ́kọ tó wà ní Ọjà-Ọba kò yí padà rí. Ewé náà ló fi ń pọ́n ẹ̀kọ láti ọjọ́ tó ti dáyé. Kò sí ẹni tó pè é wá sórí pèpéle kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa àyíká. Bóyá nítorí pé kò ní tíṣáàtì.

Ẹni tó ń darí ètò ọjọ́ ìbí náà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sọ fún wa pé Rwanda ti fòfin de ọ̀rá láti 2008, pé bí ẹ bá gbé e dé pápákọ̀ òfuurufú Kigali, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín. Ó ní Èkó pàápàá fòfin de fóòmù funfun tí wọ́n ń bu oúnjẹ sí ní oṣù Kìíní 2024. Àtẹ́wọ́ ròkè. Ìyá tó jókòó níwájú mi pàtẹ́wọ́ jù, ó wá ṣí báàgì rẹ̀, ó yọ ọ̀rá dúdú jáde, ó di ẹran márùn-ún sínú rẹ̀ fún àwọn tó wà nílé. N kò bá a wí. Òun nìkan ló lo ọ̀rá fún iṣẹ́ gidi lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀bùn tí a gbà níbẹ̀ ńkọ́? Àpò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó rí bí aṣọ, tí wọ́n kọ "Mo fẹ́ràn ayé" sí. Ẹ fọwọ́ pa á wò, ẹ ó rò pé òwú ni. Ike ni, irú ike kan náà tí wọ́n fi ń ṣe báàfù olóògbé, wọ́n kàn fà á kó di bí aṣọ ni. Ojú ọlọ́jọ́ìbí wà lára rẹ̀.

Ní ẹnu géètì, ọmọkùnrin kan gbé àpò ńlá kọ́ èjìká, ó ń ṣa ike omi tó ṣófo, nítorí wọ́n ń fi kílò rà á. Iṣẹ́ tí gbogbo wa ní a wá ṣe, òun ló ń ṣe é. Ẹ̀ṣọ́ fi igi lé e: ó ní ó ń ba ojú àríyá jẹ́. Èyí tí kò rí ṣà á bá ọkọ̀ akólẹ̀ lọ sí ààtàn Awótán tàbí ti Lápitẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ á sì tún ṣà á níbẹ̀ nínú èéfín.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń pa owó pọ̀ fún ìnáwó oṣù Kejìlá, mo fi ojú àti imú bẹ̀ yín: owó báàfù tèmi, ẹ fi ra ṣàkì. Kí ẹ bù ú sínú abọ́ tánganran tí ẹ ó gbà padà lọ́wọ́ mi. Ojú màmá, mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.