Ilé Ọba Tó Jó

"Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Inú ṣọ́ọ̀ṣì Notre-Dame ní Paris ni màmá mi ti pa òwe yìí. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti wá kí wa ní London, èmi, ọkọ mi àtàwọn ọmọ sì mú wọn wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ òkun lọ sí Faransé. Àpá iná ni mo ń retí. Ògiri funfun báláú ni mo bá. Màmá gbójú sókè títí gèlè fi fẹ́ bọ́.

Lọ́jọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 2019, iná sọ ní òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Igi àjà tí wọ́n ti tò láti nǹkan bí 800 ọdún di eérú, ṣóńṣó orí rẹ̀ sì wó lulẹ̀ níṣojú gbogbo ayé. Oṣù kejìlá 2024 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ohun kan bí oje rọ́bà ni wọ́n kùn sára òkúta inú rẹ̀. Nígbà tó gbẹ, wọ́n bó o, ó sì gbé eruku iná àti ìdọ̀tí ọjọ́ pípẹ́ kúrò. Ó wá mọ́ ju bó ṣe wà kó tó jó lọ.

Òwe yìí la fi ń tu ẹni tí àjálù bá nínú, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ tún un gbọ́. Ilé ọba ni wọ́n wí, wọn ò ní gbogbo ilé tó bá ṣáà ti jó. Ilé ọba ní onílé púpọ̀. Ẹ rántí ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́, tí àwọn ìlú abẹ́ Aláàfin ń ru koríko bẹẹrẹ wá láti fi bo òrùlé ààfin. Ní ti Paris, nǹkan bí 340,000 ènìyàn láti orílẹ̀-èdè 150 ló dáwó.

Owó nìkan kọ́, o. Ní 2014, àwọn ayàwòrán ilé méjì, Rémi Fromont àti Cédric Trentesaux, ti wọn àwọn igi òrùlé náà, wọ́n sì yà á sínú ìwé. Andrew Tallon, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà, ti fi iná lésà wọn ilé náà tinú tòde. Ó kú ní 2018, kò rí ọjọ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò jù. Nígbà tí wọ́n gé igi óákù bí 2,000, àwọn káfíńtà tó ṣì mọ bí a ṣe ń fi àáké gbẹ́ ìtí igi wà nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ni ẹwà ti wá. Iná kò lẹ́wà.

Ní Èkó, ilé Ilọ́jọ̀ tó wà ní Tinubu, ilé irú ti àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé, tí ìjọba ti sọ di ohun àjogúnbá láti 1956, katapílà ni wọ́n fi wó o ní 2016. Ó dùn mí títí dòní. Ẹ̀yin ará mi, ẹ lọ ya fọ́tò ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí àdúgbò yín nígbà tí wọ́n ṣì dúró. Ẹ wọn ilẹ̀kùn wọn. Ẹ bi àwọn bíríkìlà àgbà léèrè ọ̀rọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún bàbá mi, wọ́n ti ya àjà rẹ̀ dànù, fọ́tò kan ṣoṣo kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa.

Àkùkọ bàbà kan wà ní ṣóńṣó orí Notre-Dame. Wọ́n ki orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí 2,000, sínú rẹ̀. Ọmọbìnrin mi gbọ́ èyí, ó yíjú sí ìyá àgbà rẹ̀: "Ta ló kan àjà ti ṣọ́ọ̀ṣì yín?"

Màmá dákẹ́ díẹ̀. "Bàbá Káfíńtà wà lára wọn. Wọ́n ṣì wà láyé."

A pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohùn wọn ti rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbọ́ ohun tí a ń béèrè, wọ́n ní ká dúró ná, kí àwọn wá àga jókòó. "Ó yá, ẹ mú bírò. Ìrókò la kọ́kọ́ gbé gòkè, èyí tó dá àárín méjì."